Ìwé Tí Ìyá Rẹ Fọwọ́ Sí ní Ìtókò

Odẹ́dá,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kẹsàn-án, 1984.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Èkó ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé ara rẹ le bí mo ṣe ń bẹ Ọlọ́run fún un láràárọ̀? O kò ní í rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, ẹni tó ń wá ọ fún ibi kò sì ní í mọ ilé rẹ. Àṣẹ. Ara èmi náà le, àyàfi orúnkún, òun náà sì ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀. Bùsírátù aládùúgbò wa ní kí n kí ọ. Ewúrẹ́ rẹ̀ bímọ méjì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ti jẹ ilá mi tán.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ibi tí o ti sọ pé o kò rántí ojú ìyá rẹ rárá, pé bí nǹkan rẹ̀ kan bá wà nílé kí n fi ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, oúnjẹ kò sì lọ lọ́fun mi lọ́jọ́ náà. Ẹ̀bi rẹ kọ́, ọmọ ọdún méjì ni ọ́ nígbà tí Adébímpé ìyá rẹ fi wá sílẹ̀ lọ sọ́run. Fọ́tò kan ṣoṣo tó yà láyé rẹ̀, ikán ti jẹ ẹ́ nínú àpótí, ó ku férémù. Aṣọ rẹ̀, àwọn àbúrò rẹ̀ ti pín in. Mo wá rántí pé ìyá rẹ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn nínú ìwé ìgbéyàwó wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ni mo bá wọ bàtà, mo wọkọ̀, ó di Abẹ́òkúta.

Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Aké ni mo kọ́kọ́ yà sí, torí mo rò pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ ìyá gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì wa, ibẹ̀ ni wọ́n á kó ìwé gbogbo wa pamọ́ sí. Ọmọ, ilé Ọlọ́run yẹn ṣì wà bó ṣe wà! Ògiri rẹ̀ ṣì nípọn, inú rẹ̀ sì tutù bí inú àmù. Mo jókòó, mo rántí ọjọ́ tí èmi àti ìyá rẹ wá gbọ́ dùùrù níbẹ̀, tí dùùrù bú, tí ìyá rẹ di apá mi mú, tó ní ilẹ̀ ń mì. Ọkùnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀ gbé ìwé àlejò wá, ó ní kí n kọ orúkọ, ìlú mi, àti ohun tí mo wá ṣe. Àwọn tó ṣáájú mi kò gba ẹ̀kọ́ ilé, gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n kọ, pé ibẹ̀ dára, wọ́n bá tiwọn lọ. Èmi kọ ohun tí mo wá ṣe, láti ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ìyá rẹ létí odò Ògùn títí dé orí ikán àti fọ́tò. Ojú ewé mẹ́ta àbọ̀ ni. Òyìnbó méjì dúró lẹ́yìn mi tí wọ́n ń wo aago, mo ní kí wọ́n ní sùúrù. Nígbà tí mo parí, mo bèèrè omi àlejò, ṣebí ìwé àlejò ni wọ́n pè é. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó sì bu omi fún mi. Ó wá ṣàlàyé pé ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti so tọkọtaya pọ̀ ni ìwé wọn máa ń wà.

Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí Ìtókò, sí ṣọ́ọ̀ṣì kékeré ẹ̀yìn àpáta. Páànù rẹ̀ ti pọ́n, ó sì ti kéré sí i lójú mi, ṣùgbọ́n agogo ayé ọjọ́un ṣì wà lórí igi máńgòrò. Akọ̀wé wọn, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Tẹjúmádé, gbé ìwé jáde. Ìwé kan náà ni wọ́n ṣì ń lò, torí ìjọ kò pọ̀. Mo ṣí i padà sí 1951, mo sì rí ìyá rẹ.

Àbẹ̀kẹ́, ìyá rẹ kò lọ sílé ẹ̀kọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń fi èédú kọ́ ọ lára ògiri ilé ìdáná wọn bí yóò ṣe kọ orúkọ rẹ̀, torí ó búra pé òun kò ní í tẹ̀ka níwájú àlùfáà. Lọ́jọ́ náà ó tẹ kálàmù mọ́lẹ̀ débi pé yíǹkì dà, E ìkẹyìn sì kọjú sẹ́yìn. Ojú tì í, ó fẹ́ẹ́ sunkún, àlùfáà ní kó fọkàn balẹ̀, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n kà. E náà ṣì wà níbẹ̀. Mo fi ìka tọ́ ọ, mo sì sunkún bí ọmọdé.

Tẹjúmádé gbé ìwé náà dání, ó ní ká lọ ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n dojú ìwé bolẹ̀ lórí dígí, iná kan kọ mànà lábẹ́ rẹ̀, bébà mìíràn sì jáde tòun ti orúkọ ìyá rẹ. Mo rò pé iná ti fa yíǹkì ìyá rẹ kúrò nínú ìwé. Mo já ìwé gbà, mo ṣí i, ó ṣì wà, àmọ́ lójú tèmi ó ti ṣá díẹ̀. Wọ́n fẹ́ ṣe ẹyọ kan sí i fún èmi náà, mo kọ̀, mi ò ní í jẹ́ kí wọ́n fà á tán. Ẹyọ kan náà ló wà nínú lẹ́tà yìí. Tìrẹ ni. Má ṣe gbé e sábẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀ o.

Jọ̀wọ́, fi náírà mẹ́wàá ránṣẹ́, kí n fi sọ ọgbà yí ilá ká, bí ó bá sì lé díẹ̀, bàtà mi ti lanu.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. O ní ìwọ àti Adétáyọ̀ fẹ́ lọ ṣègbéyàwó ní kóòtù l'Ékòó ní Disẹ́ńbà. N kò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n ojú ewé kan ṣoṣo ló kù nínú ìwé Ìtókò, bó bá sì ti kún, tuntun ni wọn yóò ṣí. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Nígbà tí Tẹjúmádé lọ ti fèrèsé, mo fi pẹ́ńsù kọ orúkọ rẹ síbẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí ẹni fi garawa gba àyè nídìí ẹ̀rọ omi. Ó dé, ó rí i, ó bá mi wí gan-an, ó ní ẹnìkan kì í kọ ìkọkúkọ sínú irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó mú rọ́bà tí wọ́n fi ń pa ìwé rẹ́. Ó wo orúkọ rẹ, ó ṣí ìwé padà, ó wo ti ìyá rẹ, ó sì dá rọ́bà padà sápò.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ mọ ọ̀nà ilé.

Èmi ni baba rẹ,
Herbert Olúbọ̀dé.