Àfonífojì Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Bà Jẹ́

Àbígbẹ̀yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, ọmọ mi. Ṣé ara rẹ le, ṣé ẹ̀kọ́ ń wọlé, ṣé ikọ́ tó máa ń dà ọ́ láàmú nígbà òtútù ti fi ọ́ sílẹ̀? Ara tèmi náà le, àfi ẹ̀yìn tó ń ro mí, àti imú mi tí kò tíì gbàgbé ohun tó gbóòórùn. Màmá rẹ ti fi lẹ́tà rẹ ránṣẹ́ sí mi níbí. Mo rí i pé ìwọ àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ méjìlélọ́gbọ̀n fẹ́ háyà bọ́ọ̀sì wá wo àfonífojì tí mo yà sínú kàlẹ́ńdà ilé ìtẹ̀wé wa, àti pé o ti fọ́nnu fún wọn pé bàbá rẹ ni yóò mú yín káàkiri. Jọ̀ọ́, má mú wọn wá. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

O ṣì kéré nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibí. Afárá tuntun kan ni wọ́n ní kí n lọ yà ní fọ́tò, ọkọ̀ wa sì kú sórí òkè. Dírẹ́bà ní kí n jókòó ti òun, àmọ́ ẹsẹ̀ mi kò gbọ́. Mo gba ọ̀nà ewúrẹ́ kan sọ̀kalẹ̀. Bí kùrukùru ṣe ká kúrò nílẹ̀ báyìí, mo rí òkè méjì tó dojú kọra bí àna tó ń kíra wọn, koríko tútù yọ̀yọ̀ láàárín wọn, omi sì ń já bọ́ lára àpáta, funfun bí òwú. Mo gbé kámẹ́rà sókè, mo tún gbé e sílẹ̀. Ojú mi kò tíì yó. Mo bu omi náà mu, ó tutù débi pé eyín ń ta mí. Ọjọ́ kan ni mo bá lọ, ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò. Nígbà tí mo délé tí mi ò yéé sọ̀rọ̀ rẹ̀, màmá rẹ ní, "Ẹ kúkú sọ pé ẹ ti fẹ́ ìyàwó sórí òkè, kí n mọ̀ pé mo ti di ìyálé."

Ọ̀dọ̀ Ìyá Olóyin ni mo dé sí. Opó ni wọ́n, ilé oyin mẹ́tàdínlógún ni wọ́n ń tọ́jú lẹ́bàá odò tí omi náà ń ṣàn sí. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, wọ́n di ọwọ́ mi mú: "Onífọ́tò, ohun tó o rí, fojú gbé e lọ. Má fẹnu gbé e lọ." Mo ní, "Mo gbọ́, Mọ́mì." Mo sì rò pé mo gbọ́ lóòótọ́.

Ohun tí o ti ń gbọ́ nílé ni pé ọ̀gá mi ló kọ ọ̀nà ibẹ̀ sábẹ́ fọ́tò náà. Irọ́ ni. Èmi ni mo pa á. Àwòrán nìkan ni ọ̀gá béèrè. Èmi ni mo mú bírò, tí mo kọ orúkọ àfonífojì náà, ibi tí èèyàn á ti yà lójú títì, àti iye máìlì tó kù. Ìgbéraga ni. Mo fẹ́ kí ayé mọ̀ pé èmi ni mo kọ́kọ́ rí i, bí ẹni pé àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀ kò lójú.

Ọdún márùn-ún kọjá kí n tó padà wá, lóṣù tó kọjá. Imú mi ló débẹ̀ kí ojú tó dé: òórùn ìtọ̀, ti ọtí kíkan, àti ti ohun tí mi ò fẹ́ dárúkọ. Bọ́ọ̀sì mọ́kànlá tò sórí koríko. Ọ̀rá dúdú rọ̀ sára igi bí àdán. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ti olólùfẹ́ rẹ̀ gàdàgbà sára àpáta, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n mọ òkè. Mo rí ìyá ọmọ kan, aṣọ rẹ̀ ń dán, ó tú ìlédìí ọmọ rẹ̀, ó ká a, ó jù ú sínú omi, ó sì ṣan ọwọ́ níbẹ̀. Ní ogún ìṣísẹ̀ sísàlẹ̀, obìnrin mìíràn ń bu omi kan náà sínú ìgò, ó ń rẹ́rìn-ín sí fóònù: "Omi òkè rèé o, kò sí ìdọ̀tí kankan nínú ẹ̀!" Mo wá orí àpáta tí mo dúró sí ya fọ́tò ọjọ́sí. Ẹsẹ̀ mi rì sínú ìgbẹ́. Ìgbẹ́ èèyàn, ọmọ mi, ó ṣì rọ̀. Mo bì títí kò fi ku nǹkan kan nínú mi àfi òróòro. Ọkùnrin kan tó wọ bàtà funfun di imú, ó yẹra fún mi, ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin àgbà gan-an lẹ ń ba ibí jẹ́."

Ẹni tó ń ta ẹlẹ́rìndòdò lẹ́nu ọ̀nà ti fi ìṣó kan kàlẹ́ńdà wa mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo bi í pé ta ló ń palẹ̀ ìdọ̀tí mọ́. Ó ní, "Òjò ni, Bàbá. Tó bá ti rọ̀, á gbé gbogbo ẹ̀ lọ." Mo ní, "Síbo?" Ó wò mí bí ẹni ń wo wèrè.

Èmi mọ ibi tó ń gbé e lọ. Ìsàlẹ̀ odò ni ilé Ìyá Olóyin wà. Mo bá wọn níwájú ilé, wọ́n ń gbọn ìgò ẹlẹ́rìndòdò kan sílẹ̀. Kòkòrò oyin ló ń bọ́ jáde, gbogbo rẹ̀ ti kú, ó lẹ̀ mọ́ra pọ̀. Adùn ìdí ìgò ló ń tàn wọ́n wọlé. Nínú ilé oyin mẹ́tàdínlógún, méjì ló kù. Ọmọ ọmọ Ìyá Olóyin, ọmọdébìnrin ọdún mẹ́rin, ti lo ọjọ́ mẹ́sàn-án nílé ìwòsàn nítorí ìgbẹ́ gbuuru. Nọ́ọ̀sì ní omi ni. Ọmọ náà yè é, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ rí tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Ìyá Olóyin gbé ìgò náà sílẹ̀, wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo sọ fún wọn?" Mo ní, "Èmi ni, Mọ́mì." Mo ń retí èpè. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ṣọ́bìrì wà lẹ́yìn ilé."

Ohun tí mo ń ṣe láti ọjọ́ náà nìyẹn. Mo ti gbẹ́ ṣáláńgá mẹ́ta, mo wà lórí ìkẹrin. Mo ń ha ìgbẹ́ ọmọ ọlọ́mọ kúrò létí omi. Àwọn èrò bọ́ọ̀sì ń pè mí ní Bàbá Onígbàálẹ̀, wọ́n ń ju ike síwájú mi kí n lè ríṣẹ́ ṣe. Wọ́n ń rí mi lára, mi ò ní purọ́ fún ọ. Tí mo bá wá rántí ẹni tó pè wọ́n wá, ara mi fúnra rẹ̀ á tún rí mi lára jù wọ́n lọ. Mo pe ọ̀gá pé kó yọ àwòrán náà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ti ọdún tó ń bọ̀ ti jáde, lẹ́tà tí wọ́n fi kọ ọ̀nà ibẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ sì ti tóbi sí i. Mo ní kó wá onífọ́tò mìíràn. Màmá rẹ sunkún díẹ̀ nígbà tó gbọ́, lẹ́yìn náà ó ní kí n ṣáà máa fọwọ́ kí n tó jẹun.

Lọ́sẹ̀ yìí, èmi àti àwọn ará abúlé fi igi ẹlẹ́gùn-ún ṣọgbà yí ìsun omi náà ká. Ẹni tó ń ta ẹlẹ́rìndòdò yẹn bá wa gbé igi mẹ́ta. Ní àárọ̀, kí bọ́ọ̀sì tó dé, ibẹ̀ ṣì máa ń rẹwà, ìyẹn ló sì ń dùn mí jù. Ká ní ó ti burẹ́wà tán ni, ǹ bá di ẹrù mi kí n máa bọ̀ nílé.

Nítorí náà, sọ òótọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì rẹ. Bí ojú bá tì ọ́, sọ pé ara mi kò yá. Bí ìwọ nìkan bá fẹ́ wá, mú bùútù àti ìbọ̀wọ́ dání. Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ. Omi tí o bá mu kò ní dà ọ́ láàmú. Ohun rere tí ojú rẹ bá rí, ẹnu rẹ kò ní tà á. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ, tó sì ń rùn lọ́wọ́lọ́wọ́.

Àfikún ọ̀rọ̀: Mo ka lẹ́tà yìí fún Ìyá Olóyin. Wọ́n ní kò tíì pé, kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn náà ta oyin fún bọ́ọ̀sì àkọ́kọ́, inú wọn dùn púpọ̀ lọ́jọ́ náà, àwọn gan-an ni wọ́n sì nawọ́ júwe ibi tí omi wà. Wọ́n ní mo ti jẹ ẹ̀bi yìí jù, kí n fi tiwọn sílẹ̀ fún wọn.