Ìdí Tí Mo Fi Mú Kíkẹ́lọmọ Kúrò Nílé Ìtọ́jú

Ọ̀wọ̀,
Oṣù Kẹwàá, 1997.

Boniface, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ ní Kàdúná. Ara Ìyá ti mókun díẹ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí o fi ránṣẹ́ ti dé. Iṣu oko Uso ta dáadáa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣọ́ọ̀ṣì ní kí n ṣe akọ̀wé níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tó ń tọ́jú ọmọdé àti aláàbọ̀ ara. Olùkọ́ wọn, Sista Veronica, bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe bí ọmọ bá fẹ̀sùn kan òṣìṣẹ́. Mátírọ́ọ̀nù ilé tí Kíkẹ́lọmọ rẹ wà dìde tẹ̀rín-tẹ̀rín:

"Odi kan fọwọ́ júwe fún wa pé ọlọ́dẹ ń na òun. A ní kó kúnlẹ̀ bẹ bàbá ọlọ́dẹ náà. Látìgbà náà, kò júwe nǹkan kan mọ́!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Sista ní, "Ẹ fìyà jẹ ọmọ nítorí pé ó sọ̀rọ̀."

Ẹnìkan fèsì: "Sista, ilẹ̀ Yorùbá la wà o! Ṣé kí àgbà wá máa bẹ ọmọdé ni?"

Ó kó mi nírìíra. Odi kan ṣoṣo ló wà nílé náà, ọmọ rẹ ni.

Mo lọ mú un lọ́jọ́ náà gan-an. Àpá bẹ́líìtì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló wà báyìí.

Jọ̀ọ́, wá, ká jọ lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Àwọn ará ilé ìtọ́jú náà yóò rán àwọn àgbà wá bẹ̀ ọ́. Má gbà fún wọn. Ọlọ́run yóò ṣọ́ ọ̀nà rẹ. Bí o bá dé, má sáré gbá a mọ́ra. Jẹ́ kó kọ́kọ́ rí i pé kò sí nǹkan lọ́wọ́ rẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Monica