Aṣọ Òfì Yín Ló Gbé Ariwo Pálọ̀ Wa Mì

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ìdí òfì. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá mi. Kí Àǹtí Bísí tó ń kà á fún yín má fi ìwé mi ṣẹ̀fẹ̀ o; ọwọ́ mi wúwo, ọ̀rọ̀ kì í sì í tètè wá.

Ọyẹ́ ti dé sí Ọ̀wọ̀. Àárò Ìdóàní ń sọ mí, ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ tó ń yà mí lẹ́nu di ìsinsìnyí.

Ẹ mọ̀ pé bàbá ọkọ mi kò ríran mọ́. Torí wọn ni ọkọ mi ṣe ra fídíò àti sípíkà méjì sí pálọ̀ kékeré, kí wọ́n lè máa gbọ́ eré. Lọ́sẹ̀ tí ẹrù ìyàwó mi kún ibẹ̀, tí ẹbí ń wá wò ó, ohùn ń já geere. Bí a ṣe kó ẹrù wọ yàrá, ọkọ mi fi ọ̀dà tó ń dán kun ògiri, ó kó gbogbo nǹkan jáde kí Bàbá má baà fẹsẹ̀ kọ. Ni ohùn eré bá di ariwo, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yé Bàbá mọ́. Bàbá á dúró kí a kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí àwọn náà tó rẹ́rìn-ín. Ìyẹn dùn mí. Ọkọ mi ní sípíkà ti bàjẹ́, òun á tà á.

Ẹ mọ ojú títì mi. Mo yọ́ lọ pàtẹ́wọ́ ní pálọ̀, ògiri dá mi lóhùn. Mo pàtẹ́wọ́ nídìí ẹrù mi ní yàrá, kẹ́kẹ́ pa. Ni mo bá sọ fún ọkọ mi pé kì í ṣe sípíkà, ilé ló ṣófo. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń kọ́ wa níṣẹ́ rédíò ní Ìdóàní. Ṣùgbọ́n ó bá mi ta okùn sí ògiri pálọ̀.

Ẹ dárí jì mí, Ìyá mi. Aṣọ òfì tí ẹ ní kí n má tú títí di ọjọ́ ìkómọ, mo tú u. A fi kọ́ okùn, kò lẹ̀ mọ́ ògiri, àyè àtẹ́lẹwọ́ kan wà láàárín wọn. A tẹ́ ẹní, a ki àkísà sínú àpò ìrẹsì, a gbé e sí igun pálọ̀.

Obìnrin inú fídíò tẹ ewé gbígbẹ, Bàbá yíjú, wọ́n bi wá pé ta ló ń kọjá! Nígbà tó yá, àwọn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n fọwọ́ pa aṣọ náà, wọ́n béèrè ẹni tó hun ún. Mo ní ìyá mi ni. Wọ́n ní kí n sọ fún yín pé ọwọ́ yín ti la àwọn lójú.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ jèrè ọwọ́ yẹn pẹ́. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmi.

Ó ku ògiri kan o. Bí inú kò bá bí yín, ẹ bá mi hun ọ̀kan sí i, kó fẹ̀ díẹ̀, kó sì… Bàbá ń pè mí, wọ́n ní eré ti bẹ̀rẹ̀, kí n wá jókòó ti àwọn.