Nígbà Tí Alhaja Bá Gbé Búta

Ilé Ìtọ́jú Àgbà Ìfaradà,
Lẹ́yìn Mọ́ṣáláṣí, Ìgándó,
Èkó.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kọkànlá, ọdún 2020.

Àbúrò mi àtàtà, Susanna,

Mo kí ọ kú ilé o, mo kí ọ kú ojú lọ́nà. Báwo ni orúnkún rẹ? Òtútù òwúrọ̀ Ìkẹ́rẹ́ ńkọ́, ṣé kì í yọ ọ́ lẹ́nu? Mo gbàgbọ́ pé ara le, pé oúnjẹ ń wọlé, pé àwọn ọmọ sì ń pè ọ́. Ní tèmi, bí o bá rí mi báyìí, wàá ní ṣé èmi náà ni. Ara mi dá ṣáṣá.

Mo mọ̀ pé ìbínú ni kò jẹ́ kí o kọ̀wé sí mi láti ìgbà tí mo ti kó wá síbí. Mi ò gbàgbé ohun tí o sọ lórí fóònù: “Wọ́n ti lọ jù ẹ́ sílé arúgbó, ìwọ tí o bímọ, tí o tọ́mọ yanjú.” Ó dùn mí wọra lọ́jọ́ náà, àmọ́ mi ò fèsì, torí mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Òní ni mo fẹ́ fèsì. Jókòó dáadáa, wá nǹkan fi ti ẹ̀yìn, kí o sì wọ gíláàsì rẹ, torí ọ̀rọ̀ pọ̀ o.

Kí n kọ́kọ́ gba Olúbọ̀dé ọmọ mi sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ. Òun àti ìyàwó rẹ̀ a máa jáde nílé wọn ní Ẹ̀gbẹ́dá kí ilẹ̀ tó mọ́, ilẹ̀ á sì ti ṣú kí wọ́n tó wọlé. Tẹlifíṣọ̀n ni mo ń bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, kò sì dá mi lóhùn rí. Lọ́jọ́ tí mo ṣubú ní balùwẹ̀, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ ni mo wà títí wọ́n fi dé. Èmi fúnra mi ni mo ní kí ó wá ibi tí ènìyàn wà fún mi. Ibí yìí ló rí, lọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì Olúwaṣìkẹ́mi, ọmọ Oǹdó, tó sọ ilé bàbá rẹ̀ di ilé ìtọ́jú àgbà. A kò tó méjìlá níbẹ̀, ọ̀pọ̀ wa ló sì jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, láti Èkìtì àti Oǹdó. Ó dà bíi yàrá àwọn tíṣà tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọn yóò nà.

Bí a ṣe ń gbádùn ara wa lọ ni kòrónà dé. Ìjọba ní kónílé-ó-gbélé. Wọ́n ní àwa àgbà ni àrùn náà ń wá kiri, kí àlejò kankan má wọlé tọ̀ wá, kí a máa bo imú, kí a jìnnà síra wa, kí a sì máa fọ ọwọ́ lóòrèkóòrè. Owó oṣù àwọn ọmọ tó ń san owó ìtọ́jú wa dínkù, ti àwọn mìíràn dúró pátá. Ọṣẹ gbówó lórí, ìbọ̀wọ́ gbówó lórí. Nọ́ọ̀sì kó wa jọ sábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lágbàálá, ó ní òun kò lè parọ́ fún wa: bí ìrànwọ́ kò bá dé, òun yóò ti ilé náà, kálukú yóò sì padà síbi tó ti wá.

Susanna, ẹ̀rù bà mí, kì í sì í ṣe torí ara mi nìkan. Èmi á padà sídìí tẹlifíṣọ̀n mi, mi ò ní kú. Bàbá Ọláníyan ńkọ́? Ọ̀gá ilé ìwé girama ni wọ́n nígbà kan, àmọ́ ìgbàgbé ti mú wọn débi pé ṣíbí á wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n á máa bèèrè ìgbà tí a óò jẹun. Hope, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, yàrá kan ló ń gbé ní àdúgbò Command, ó sì gbọ́dọ̀ jáde lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ tó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, ojú fèrèsé ni wọ́n gbà jáde, Ìyànà Ìpájà ni wọ́n ti rí wọn. Bí ilé yìí bá tì, ojú títì ni Bàbá ń lọ, gbogbo wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ọlọ́run kì í fi ẹni tirẹ̀ sílẹ̀. Àjọ aláàánú kan kéde owó ìrànwọ́ fún irú ilé bíi tiwa: owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́, ọṣẹ, ìbòmú, àti ẹ̀rọ ọ́síjìn. Àmọ́ wọ́n ní ilé tó bá ń pa ìlànà mọ́ nìkan ni àwọn máa fún, àwọn á sì wá fojú ara àwọn rí i. Ọ̀gbẹ́ni Charles lorúkọ ẹni tó ṣáájú wọn wá. Àfi bíi pé ẹnìkan lọ sọ fún un pé ọjọ́ yẹn gan-an ni kó wá! Ó bá gbogbo wa lórí àga gígùn kan ṣoṣo, a ń jẹ ẹ̀pà nínú abọ́ kan náà, ìbòmú Bàbá Ebenezer sì wà ní àgbọ̀n wọn bí irùngbọ̀n. Ó mi orí. Ó ní òun yóò padà wá láìdá ọjọ́, bí òun bá sì tún bá wa báyìí, ilé mìíràn ni owó náà ń lọ.

Láti ọjọ́ yẹn Nọ́ọ̀sì kò sinmi. Ó lẹ ìlànà mọ́ ara ògiri, ó gbé ike omi tó ní ẹnu ẹ̀rọ kalẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ. Ó tún ra agogo, ó ní bí a bá ti gbọ́ ọ, kí a dìde lọ fọ ọwọ́. O mọ àgbà tó ti ṣe tíṣà rí. Àwa la máa ń lu agogo fún ènìyàn, ta ni yóò wá lù ú fún wa? Bàbá Ebenezer, díákónì tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún wọn, ní, “Kí wọ́n tó bí ìyá ẹ ni mo ti ń fọ ọwọ́.” Àwọn tí kò lágídí sì ń gbàgbé. Wọ́n á dìde, wọ́n á dúró láàárín ọ̀nà, wọn ò ní mọ ohun tí wọ́n ń lọ ṣe mọ́. Mo bá Nọ́ọ̀sì ní kíṣìnì níbi tó ti ń fi etí ìbòmú nu omijé.

Ìgbà yẹn ni mo wá ṣàkíyèsí nǹkan kan. Alhaja Fàdìlàt wà láàárín wa, aránṣọ tó ti rán aṣọ ìgbéyàwó fún ìdajì Ìkọ̀tún, òun nìkan sì ni Mùsùlùmí inú ilé wa. Bí wọ́n bá ti pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́yìn ọgbà, Alhaja á gbé búta rẹ̀, ike aláwọ̀ búlúù tó fi ń ṣe àlùwàlá, á lọ jókòó sórí àpótí nídìí omi. Bó bá ti gbé búta báyìí, Bàbá Ọláníyan á dìde. Bàbá tí kò mọ̀ bóyá wọ́n ti jẹun! Wọ́n á tẹ̀ lé e, wọ́n á ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, wọ́n á na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n á máa dúró de omi. Agogo kò mì wọ́n, ìwé ara ògiri kò mì wọ́n, búta ló ń gbé wọn dìde. Nígbà tí mo bi Hope lórí fóònù, ó ní Mùsùlùmí ni ìyá tó bí bàbá òun, pé ní kékeré, bàbá òun ló máa ń bu omi àlùwàlá fún ìyá wọn.

Mo lọ bá Nọ́ọ̀sì. Mo ní, “Ọmọ mi, gbé agogo ẹ pamọ́. Ẹni tí àwọn ọmọ kíláàsì bá ti ń tẹ̀ lé tẹ́lẹ̀ ni tíṣà tó gbọ́n fi ń ṣe mọ́nítọ̀.” Mo ní kí gbogbo wa máa bá Alhaja dìde. Ọ̀rọ̀ di ariwo nígbà tí a gbé e síwájú ilé. Bàbá Ebenezer fò sókè: “Èmi, díákónì! Ṣé ọjọ́ ogbó mi ni n óò wá máa ṣe àlùwàlá? Láéláé!” Alhaja kò tilẹ̀ gbójú kúrò lára aṣọ tó ń rán. Ó ní, “Díákónì, ẹ fara balẹ̀ jàre. Omi ò mọ Mùsùlùmí, ọṣẹ ò mọ Kìrìsìtẹ́nì. Ọwọ́ ni wọ́n ní kẹ́ ẹ fọ̀, ta ló pè yín wá kírun?” Ẹ̀rín pa wá. Bàbá Ebenezer náà rẹ́rìn-ín sínú ìbòmú, a rí i lójú wọn.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìrun Àsùbá nìkan la ò bá Alhaja jí, ìyẹn a fi sílẹ̀ fún òun àti Ọlọ́run rẹ̀. Àmọ́ láti ọ̀sán títí dalẹ́, bí búta bá ti kúrò nílẹ̀, gbogbo ilé á dìde. Alhaja á ṣe àlùwàlá tirẹ̀, àwa á fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, torí pé ibẹ̀ lòun náà ń fọ̀ ọ́ dé, a kò sì fẹ́ kó fi ìmọ́tótó jù wá lọ. Nọ́ọ̀sì to bíríkì sílẹ̀ kí a lè máa dúró jìnnà síra wa. Alhaja fi àṣẹ́kù àǹkárá rán ìbòmú fún kálukú. Abọ́ ẹ̀pà náà di ti oníkálukú. Ṣé o rántí Bàbá wa, Katikíìsì? Bí wọ́n bá jíǹde lójijì, kí wọ́n bá èmi Cecilia níbi tí mo ti ń sáré tẹ̀ lé búta, wọ́n á ní mo ti ṣáko lọ. Àmọ́ àwọn náà ló kọ́ wa pé ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ ni yóò bá àgbà jẹun.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan ni mọ́tò dúró lẹ́nu géètì. Ọ̀gbẹ́ni Charles ni, pẹ̀lú obìnrin méjì. Wọ́n fi sanitáísà ra ọwọ́, a to àga fún wọn lábẹ́ igi, Ọ̀gbẹ́ni Charles sì bẹ̀rẹ̀ ìbéèrè. Nínú gbogbo wa, ta ni yóò kọ́kọ́ kọjú sí bí kò ṣe Bàbá Ọláníyan! Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ máa ń fọ ọwọ́ níbí?” Bàbá tún ìjókòó wọn ṣe bí ọ̀gá ilé ìwé. Wọ́n ní, “Rárá o. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ilé yìí, ẹnikẹ́ni ò fún mi lómi rí.” Háà! Mo rí bí ojú Nọ́ọ̀sì ṣe yí padà. Ọ̀gbẹ́ni Charles wo àwọn obìnrin náà, ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ dágbére. Ó ní òun mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe le tó, ó ní kò wu òun rárá láti sọ ohun tí òun fẹ́ sọ yìí.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ dé tí wọ́n fi pe ìrun Alásárì lẹ́yìn ọgbà. Alhaja gbé búta. Susanna, gbogbo ilé dìde! A kò wojú ara wa, a kò rántí àlejò. A fi ọkùnrin oníkóòtù náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ń bèèrè pé, “Àbí a ṣẹ̀ wọ́n ni?” Ta ló wà níwájú? Bàbá Ọláníyan, tí ẹnikẹ́ni ò fún lómi rí! Wọ́n ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè, wọ́n fi ọṣẹ ra ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, wọ́n fọ àárín ìka, wọ́n fọ ìdí èékánná. Kálukú dúró lórí bíríkì tirẹ̀, ìbòmú wà lójú gbogbo wa, ẹnikẹ́ni ò ti ẹnìkejì. Bí Bàbá Ọláníyan ṣe parí, wọ́n yíjú padà, wọ́n rí Ọ̀gbẹ́ni Charles lábẹ́ igi. Wọ́n fi ohùn ọ̀gá ilé ìwé pè é: “Ìwọ ọmọkùnrin yìí, kí lò ń dúró ṣe níbẹ̀ yẹn? Ìwọ ò ní í fọ ọwọ́ ni?” Ọ̀gbẹ́ni Charles bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó fi sápò, ó wá tò sẹ́yìn wa.

A yege, àbúrò mi! Ó ní ilé tí ìwé kún ara ògiri wọn pọ̀ níbi tí òun ti yẹ̀ wò, àmọ́ òun ò tíì rí ibi tí ìlànà ti wọ ẹni tí ìgbàgbé ti mú lára bẹ́ẹ̀. Owó náà wọlé. Àwọn òṣìṣẹ́ gba owó oṣù wọn. Ẹ̀rọ ọ́síjìn dé, ó wà ní igun yàrá, Alhaja ti rán aṣọ bò ó, ẹnikẹ́ni ò sì tíì lò ó títí di òní. Kòrónà kò mú ẹnì kan lọ nínú wa. Lọ́jọ́ náà Nọ́ọ̀sì jó láti kíṣìnì dé ẹnu géètì. Èmi náà jó, orúnkún mi sì mọ̀ pé mo jó.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n gba àwọn ọmọ láyè láti wọlé wá kí wa. Hope wá láti Command. Láti ìgbà kónílé-ó-gbélé ni kò ti fojú kan bàbá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ lókèèrè, ó ní, “Bàbá mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.” Bàbá Ọláníyan rẹ́rìn-ín àlejò sí i. Wọ́n ní, “Ẹ káàbọ̀ mà. Ọmọ ta ni yín?” Ọmọ náà ń gbìyànjú kó má sunkún. Ìrun sì tó. Alhaja gbé búta, gbogbo wa dìde, Bàbá náà dìde, àmọ́ wọn ò tẹ̀ lé e tààrà. Wọ́n yà, wọ́n di Hope lọ́wọ́ mú, wọ́n fà á dé ìdí omi. Wọ́n ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè. Wọ́n fi ọṣẹ ra ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, wọ́n ń fọ̀ ọ́ ní ìka kọ̀ọ̀kan, bí a ṣe ń fọ ọwọ́ ọmọ kékeré tó fẹ́ jẹun. Títí Hope fi lọ, wọn ò rántí orúkọ rẹ̀. Àmọ́ ó ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún, ó ní bí bàbá òun ṣe máa ń fọ ọwọ́ fún òun ní kékeré nìyẹn gẹ́lẹ́. Gbogbo wa la sunkún ayọ̀ lọ́jọ́ náà, Díákónì pàápàá.

Ìdáhùn mi rèé, Susanna. Wọn ò jù mí nù. Ohun tí a bá ti jù nù, ẹnikẹ́ni kì í fọ ọwọ́ kó tó sún mọ́ ọn. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni tó sún mọ́ èmi Cecilia, ọmọ Katikíìsì, yóò fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́.

Wá wò mí nígbà Kérésìmesì. Ọlọ́run yóò fún orúnkún rẹ lágbára láti gun mọ́tò dé Èkó. Ilé kò ní lé wa, ọ̀nà kò ní nà wá. Àwọn ọmọ wa kò ní rí ìpọ́njú, a ó sì fojú ara wa rí ìgbẹ̀yìn àrùn yìí. Àmín.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí a jọ sùn lórí ẹní kan dàgbà,

Cecilia.

Àfikún: Bí o bá ń bọ̀, mú ọṣẹ dúdú wá fún wa. Bàbá Ebenezer sì ní kí o jọ̀ọ́ bá àwọn ra búta kan. Wọ́n ní kí ó jẹ́ aláwọ̀ ewé, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì í gbé mọ́ ti Alhaja.