Ọmọbìnrin Nídìí Idẹ Yíyọ́

Èrúwà, Ọjọ́bọ̀, oṣù Kẹta, 1991

Màmá Ràṣídà wá bá mi lónìí ní ilé ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní idẹ dídà. "Tíṣà, iṣẹ́ ọkùnrin ni idẹ dídà. Mo wá mú ọmọ mi lọ."

"Èmi ńkọ́, Màmá? Ṣé ọkùnrin ni mí?"

Ọ̀gá tí mo kọ́kọ́ lọ bá pé kó kọ́ mi níṣẹ́ idẹ náà sọ bẹ́ẹ̀, ó ní kí n padà sídìí igi gbígbẹ́ tí mo ń ṣe tẹ́lẹ̀. Mo wá ọ̀gá mìíràn.

Mo ní kí Ràṣídà da idẹ lójú ìyá rẹ̀. Ó rọra dà á sínú amọ̀ tí a mọ fún ère orí kan. Nígbà tó tutù tí a fọ́ amọ̀ ara rẹ̀, ère orí náà yọ, àfi etí kan tí kò jáde.

Ìyá rẹ̀ fọwọ́ pa ère náà lára. "Etí kejì dà?"

"A ó da òmíràn lọ́la," Ràṣídà fèsì.

Ìyá rẹ̀ nìkan ló padà sílé. Ìyá tó bá tún fẹ́ wá mú ọmọ rẹ̀, kó máa bọ̀. Mo wà nídìí idẹ mi.