Ọjọ́ tí Òkun Há Wa Mọ́ Saint-Malo

Dádì mi àtàtà,

Orí ìdúró ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, nídìí síńkì ìdáná, torí mi ò lè jókòó. Ọjọ́ kẹta rèé tí èmi àti Mọ́mì ti padà dé láti ilẹ̀ Faransé. Mo ti fọ aṣọ, mo ti nu fèrèsé, mo ti rìn yí gbogbo àdúgbò wa, Beam Park, po lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí nìkan. Ibi tí ẹ ti ń to ẹ̀yà mọ́tò pọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré ni ilé mi wà báyìí. Ẹ̀ bá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ti kọ́ ilé alájà sórí ilẹ̀ ilé-iṣẹ́ yín, wọ́n sì gbin òdòdó sẹ́nu ọ̀nà.

Ẹ máa ń sọ pé mo jẹ ẹsẹ̀ ajá. Láti ìgbà tí ẹ ti lọ, ó ti wá le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó tí mò ń ṣe bá mi lára mu, torí láti ilé dé ilé ni: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́dọ̀ ẹni yìí, ó di ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá fún mi nísinmi, àyà mi á máa já. Ẹ sì mọ ohun tó fà á. Àbí ẹ ò mọ̀?

Ọjọ́ tí ẹ kú, mi ò sí níbẹ̀. Mọ́mì ló ní àgbálùmọ̀ ń wù yín, kí n sáré wá a lọ sí Ripple Road. Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ò ní. Mo rí i ní ìkejì, mo sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí n má baà ra èyí tó kan. Nígbà tí mo jáde, mo tún dúró wo bàtà lójú fèrèsé. Bàtà, Dádì! Kí n tó dé ọsibítù, wọ́n ti fa kọ́tìnì yí bẹ́ẹ̀dì yín ká. Àgbálùmọ̀ wà lọ́wọ́ mi nínú ọ̀rá dúdú. Mi ò mọ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ bàtà yẹn, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni fọ́dún méjì.

Mọ́mì náà ò lọ síbì kankan mọ́ àfi ṣọ́ọ̀ṣì àti ojú ibojì yín ní Rippleside. Mo bá ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ ojú omi fún àwa méjèèjì. A wọ̀ ọ́ ní Portsmouth, ó di Saint-Malo. Kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀? Mo kàn rí àwòrán ìlú kan tí odi òkúta yí ká, tí òkun sì yí odi náà ká. Mo rò pé ibẹ̀ á jìnnà díẹ̀ sí Ripple Road.

Ìlú náà dára, mi ò lè parọ́. Èèyàn lè rìn lórí odi yí gbogbo rẹ̀ po, kí òkun wà lápá kan, kí òrùlé ilé wà lápá kejì. Kí Mọ́mì tó rìn ín dé ìdajì, mo ti yí i po tán, mo ti padà wá bá a. Ère àwọn ọkùnrin onídà wà níbẹ̀. Wọ́n ní ọba ló fún wọn níwèé láyé àtijọ́ pé kí wọ́n máa ja ọkọ̀ àwọn ọ̀tá lólè. Mọ́mì wo ère náà títí. Ó ní, "Olè tó gba lísẹ́ǹsì." Nígbà tí wọ́n gbé páńkéèkì ẹlẹ́yin wá fún wa jẹ, ó yọ ata gígún nínú báàgì, ó bù ú sórí rẹ̀ níṣojú ẹni tó gbé e wá.

Lọ́jọ́ kejì, a jáde sẹ́yìn odi. Erékùṣù kékeré kan wà níbẹ̀. Tí òkun bá fà, ọ̀nà olókùúta á yọ, ẹsẹ̀ lèèyàn fi ń rìn débẹ̀. Tí òkun bá kún, omi á bo ọ̀nà náà mọ́lẹ̀. Lókè erékùṣù, ibojì kan kọjú sí òkun, kò sí orúkọ lára rẹ̀. Mọ́mì rí i, ó bọ́ bàtà, ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Obìnrin òyìnbó kan tó ń fa ajá kọjá, ó nawọ́ sí omi, ó ṣẹ́wọ́ sí wa pé ká yára.

"Mọ́mì, omi ń bọ̀."

"Mo gbọ́."

"Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká lọ!"

"Ṣé o fẹ́ kí n já àdúrà sí méjì ni?"

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀. Mo rò pé tó bá rí i pé mo ti ń lọ, á tẹ̀ lé mi. Mo ti dé ìdajì ọ̀nà, omi ti ń wọ bàtà mi, kí n tó wẹ̀yìn. Mọ́mì ti jókòó sórí àpáta lókè lọ́hùn-ún, ó káwọ́ lé orúnkún. Mo ṣì lè sọdá, Dádì. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ máa lọ. Mo yí padà. Nígbà tí mo fi gun òkè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọ̀nà ti pòórá.

Pátákó tó wà níbẹ̀ kìlọ̀ pé kéèyàn má wọ omi, kó dúró títí òkun á fi fà. Ìyẹn tó wákàtí mẹ́fà. Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀. Mo bú òkun.

"Jókòó," ni Mọ́mì wí.

"Mi ò lè jókòó."

"Mo mọ̀. Dádì ẹ náà mọ̀. Ìdí tó fi ní kí n rán ẹ níṣẹ́ nìyẹn."

Mo ní iṣẹ́ wo?

Ó wá sọ ọ́, kò wojú mi. Pé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn lẹ sọ fún un pé ó ti kù díẹ̀. Pé ẹ ní, "Rán ọmọ yẹn jáde. Kò ní lè fara dà á." Pé àgbálùmọ̀ ò wù yín rárá, ẹ̀yin méjèèjì kàn ò rí nǹkan míì tó máa pẹ́ kéèyàn tó rí i rà ni. Pé ẹ mú un búra kó má sọ fún mi. Gbogbo ìgbà tó bá lọ sí Rippleside ló ń bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ tú òun sílẹ̀. Ó sunkún. Èmi náà sọ ọ̀rọ̀ bàtà fún un. Ó nu ojú rẹ̀.

"Ṣé o rà á?"

"Rárá, Mọ́mì."

"Ò bá rà á."

A rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín tán, inú bí mi sí yín. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀. Ta lẹ bi? Mo ti dúró ti arúgbó méjì nídùbúlẹ̀ ikú lẹ́nu iṣẹ́ mi ní Valence, àwọn tí kì í ṣe ẹbí mi, mo di ọwọ́ wọn mú títí ó fi tutù. Ọwọ́ yín ńkọ́? Ṣé ẹ rò pé máa sá ni? Àbí ẹ̀yin gan-an lẹ ò fẹ́ kí n rí yín bẹ́ẹ̀?

A jẹ gààrí gbígbẹ pẹ̀lú ẹ̀pà. Nígbà tó yá, Mọ́mì gbé orí lé mi nítan, ó sùn. Ọkàn mi ń sáré síbẹ̀síbẹ̀, ó ṣì ń sáré bí mo ṣe ń kọ èyí. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wa, òtútù mú mi, ẹsẹ̀ mi kú. Ó tó wákàtí méjì kó tó jí, mi ò mira. Ẹ̀ bá jẹ́ kí n gbìyànjú, Dádì. Ǹ bá dúró.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin tó fẹ́ràn yín, tí inú rẹ̀ ò tíì rọ̀ tán.