Ẹ Jẹ́ Kí Ẹni Mẹ́ta Ka Lẹ́tà Yìí fún Yín

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti Manchester níbí. Mo kí àbúrò mi Ṣẹ́gun, mo kí ìyàwó rẹ̀ àti gbogbo ará oko. Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́? Òjò ibí kì í dá, síbẹ̀ kò mú iṣu hù.

Mo ṣì ń to páálí ní ilé ìkẹ́rùsí ní Trafford Park. Irun mi ti funfun tán, ọ̀gá tó ń pàṣẹ fún mi kò ju ọmọ ọmọ yín lọ. Láti ìgbà tí Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó mi ti kú, ilé dákẹ́ ju oko lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ ti gbọ́ pé mo dìde lásìkò ìjẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ní mi ò gba Ọlọ́run gbọ́ mọ́. Òótọ́ ni. Mi ò lè purọ́ níwájú àwọn tó bá mi sin òkú Àbẹ̀kẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn mi àfi Akin, tí wọ́n ti lé kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin nítorí pé ọkùnrin bíi tirẹ̀ ló ń fẹ́. Ó gbé ìrẹsì wá, ó bá mi jókòó. Nígbà tí onílé rẹ̀ náà lé e, mo fún un ní yàrá kan. Ìyá Ṣadé, ọmọ ìjọ wa, pàdé mi lọ́jà Harpurhey, ó bi mí pé ta ni ọkọ nínú àwa méjèèjì. Mo ní èmi ni mò ń fọ abọ́, kó lọ ṣírò ìyẹn.

Èmi náà ló wà nínú fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín. Àwọn tí kò ní ẹ̀sìn ló ń bá àwọn bíi Akin ṣe ìwọ́de lójú títì lọ́jọ́ náà, wọ́n ní kí n bá wọn di ọ̀pá aṣọ ńlá kan mú. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sára aṣọ náà, mi ò sì mọ̀wé. Mo rántí oko kòkó tó bọ́ lọ́wọ́ yín nítorí ìwé tí ẹ tẹ̀ka sí láìgbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin lẹ ní kí n máa jẹ́ kí ẹni mẹ́ta ka ìwé fún mi lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí n tó gbà á. Mo dá gbogbo wọn dúró. Akin kà á, ọlọ́pàá kan kà á, ìyá arúgbó òyìnbó kan kà á. Ohun kan náà ni: a kò ní ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n a wà lẹ́yìn yín. Mo di ọ̀pá mú.

Ṣẹ́gun ní ẹ sọ pé bí mi ò bá lé Akin, tí mi ò sì lọ tọrọ ìdáríjì ní ṣọ́ọ̀ṣì, èmi àkọ́bí yín kò ní da erùpẹ̀ àkọ́kọ́ sí sàréè yín. Bàbá mi, mi ò lè lé e. Mi ò sì lè fara da kí ẹlòmíràn da erùpẹ̀ yẹn. Orí kunkun yín ni mo jogún. Mi ò mọ èwo ni kí n ṣe.

Lẹ́tà méjì ni mo ti fi ránṣẹ́. Kátíkíìsì ló kà wọ́n fún yín, Ṣẹ́gun sì ní ó máa ń fo ibi tí mo ti dárúkọ Akin. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí wọ́n tẹ èyí sínú ìwé ìròyìn. Ẹ pe kátíkíìsì, ẹ pe tíṣà, ẹ pe ọmọ Ṣẹ́gun. Kí wọ́n kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Akin tó ń bá mi kọ ọ́ ní kí n yọ ọ̀rọ̀ òun kúrò, kí ẹ lè gbà mí padà. Mo ní èyí tí kátíkíìsì fò ti tó.

Iṣu yín á ta, ẹsẹ̀ yín á le, ẹ ó pẹ́ fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. Ẹni mẹ́ta ti kà á fún mi, mo sì ti tẹ̀ka sí i.

Èmi Àkànní, ọmọ yín.